Òpó wà ní Chicago, ilẹ̀kùn wà ní Lọ́ńdọ̀nù: kí ló kù ní Èkìtì?

Bí ìsinmi bá ti dé báyìí, ohun tí à ń rí lórí fóònù ni àwòrán àwọn tó gbafẹ́ lọ sí àwọn ìlú kéékèèké ilẹ̀ Ítálì: ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́, odi ìlú, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí kò tóbi. Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa tí à ń gbé Ìlúpéjú-Èkìtì, tí Ọ̀yẹ́ wà nítòsí wa, tí Ìkọ̀lé kò sì jìnnà, ó yẹ kí á bi ara wa pé bí àlejò bá dé lọ́la tó ní òun fẹ́ wo ojúlówó iṣẹ́ ọnà Èkìtì, ibo la máa mú un lọ? Ìdáhùn rẹ̀ ṣòro ju bó ṣe yẹ lọ. Ìtàn ohun tó mú un ṣòro ni a fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti Ìkéré. Ní nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914, Ògògà ti Ìkéré gbé iṣẹ́ fún agbẹ́gilére kan tó ń jẹ́ Ọlọ́wẹ̀, pé kó gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn sí ààfin òun. Ẹfọ̀n-Alààyè ni wọ́n bí Ọlọ́wẹ̀ sí, ṣùgbọ́n Ìsẹ̀ ló tẹ̀dó sí. Arínjalẹ̀, ọba Ìsẹ̀, ló ń ṣiṣẹ́ fún kí òkìkí rẹ̀ tó kàn dé ààfin àwọn ọba mìíràn.

Ọ̀kan nínú àwọn òpó Ìkéré náà ga tó mítà kan ààbọ̀. Ọba jókòó lórí ìtẹ́, ó dé adé, ẹyẹ kan sì bà sórí ṣóńṣó adé náà. Ẹ̀yìn ọba ni olorì àgbà dúró sí, ó ga ju ọba lọ fíìfíì. Ọba kéré débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀. Àwọn tó ti kọ̀wé nípa òpó yìí ní olorì àgbà ló máa ń gbé adé lé ọba lórí nígbà ìwúyè, ìyẹn ni Ọlọ́wẹ̀ ṣe gbé e ga tó bẹ́ẹ̀. Bí olùkọ́ bá tún bi wá ní kíláàsì pé kí ni ipò obìnrin nínú ìṣèlú Yorùbá àtijọ́, òpó yìí nìkan tó ìdáhùn. Àmọ́ kò sí ní Ìkéré mọ́. Láti ọdún 1984 ló ti wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Art Institute ní ìlú Chicago.

Ilẹ̀kùn náà ńkọ́? Ìpàdé Ògògà pẹ̀lú òyìnbó aláṣẹ kan, Kápútẹ́ẹ̀nì Ambrose, ni Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ sára rẹ̀. Ní apá kan, Ògògà jókòó pẹ̀lú adé lórí, àwọn olorì rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ní apá kejì, àwọn èèyàn ló ru òyìnbó náà bọ̀, àwọn aláàárù sì ń bá a gbé ẹrù. Àwọn ère náà yọ síta lára pákó débi pé òmíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ dá dúró. Ẹ wò ó dáadáa: òyìnbó ló ń tọ ọba wá, ọba kò dìde. Ayé ìgbà náà, ta ló tún lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ síta láìsí pé wọ́n mú un?

Ní ọdún 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn yìí lọ sí àfihàn ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí àwọn aláṣẹ British Museum rí i, wọ́n ní àwọn fẹ́ rà á. Ògògà kò gba owó. Ohun tó béèrè ni pé kí wọ́n ṣe ìtẹ́ kan fún òun, irú èyí tí wọ́n ń ṣe nílùú òyìnbó, kí àwọn fi ṣe pàṣípààrọ̀. Wọ́n ṣe é, ilẹ̀kùn sì di ti British Museum. Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ òmíràn dípò rẹ̀.

Àríyànjiyàn máa ń wà láàárín wa lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan ní wọ́n rẹ́ ọba jẹ ni: ṣé ìtẹ́ lásán ni èèyàn ń fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gbà? Lójú tiwa, kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Agbẹ́gilére tó ṣe ilẹ̀kùn ṣì wà láàyè, iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ló wá burú nínú kí ọba fi ilẹ̀kùn kan gba ohun tí kò sí nílé, kó sì pe gbẹ́nàgbẹ́nà rẹ̀ kó ṣe òmíràn? Lójú Ògògà, ilẹ̀kùn kò tán láyé. Ìgbà tí Ọlọ́wẹ̀ kú ní ọdún 1938 ni àdánù náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í hàn, nítorí pé kò sẹ́ni tó lè gbẹ́ irú rẹ̀ mọ́.

Ibi tó ti yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ Bìní nìyẹn. Ní 1897, ológun Gẹ̀ẹ́sì ló jó ìlú Bìní tó sì kó ohun ìní ọba lọ. Nígbà tí Jámánì dá 20 nínú àwọn ère náà padà ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, gbogbo ayé ló mọ̀ pé ẹrù olè ló ń padà sílé. Ti Ìkéré kò ṣeé pè bẹ́ẹ̀. Ohun tí a lè béèrè ni pé kí wọ́n yá wa, kí ilẹ̀kùn náà wá kí ilé fún ọdún kan tàbí méjì. Ọ̀fẹ́ ni wíwọ British Museum, ẹnikẹ́ni kì í sanwó ní ẹnu ọ̀nà. Físà tí ọmọ Ìlúpéjú máa gbà kó tó dé ẹnu ọ̀nà yẹn ni kì í ṣe ọ̀fẹ́.

Kí a má sì rò pé àwa nìkan ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Ní ìlú Siena ní Ítálì, Duccio ya àwòrán ńlá kan fún kàtídírà wọn. Ní ọdún 1311, gbogbo ìlú tò tẹ̀lé e láti ibi iṣẹ́ rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ní 1771, wọ́n fi ayùn rẹ́ ẹ sí wẹ́wẹ́, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Washington lónìí. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù kò kúrò nílùú. Inú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàtídírà náà ni ó wà, ọmọ Siena lè fẹsẹ̀ rìn lọ wò ó kó sì padà wá jẹun ọ̀sán. Ohun tó ń jọ wá lójú nípa àwọn ìlú yẹn kò ju èyí lọ.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á wá sí ìtòsí. Ní ọdún 1947, ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì níbí, Kevin Carroll, àlùfáà ìjọ Àgùdà, àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan dá ibi iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀. Ẹ̀sìn tuntun ti gbilẹ̀, iṣẹ́ sì ti ń dín kù lọ́wọ́ àwọn agbẹ́gilére. Carroll wá Bándélé rí, ọmọ Areogun ti Òsì-Ìlọrin, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ agbẹ́gilére ilẹ̀ wa. Ní 1949, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá láti Ìlá Ọ̀ràngún wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé fún ọdún mẹ́ta. Ìdílé agbẹ́gilére lòun náà ti wá, Mùsùlùmí sì ni. Orúkọ rẹ̀ ni Lámídì Fákẹ́yẹ.

Ẹ fojú inú wò ó: ọmọ Mùsùlùmí ń gbẹ́ ère fún ṣọ́ọ̀ṣì, lọ́dọ̀ ọ̀gá tí bàbá rẹ̀ ti ń gbẹ́ ère òrìṣà. Carroll kò ní kí wọ́n máa gbẹ́ Jésù bí òyìnbó. Àwọn amòye mẹ́ta tó wá kí ọmọ jòjòló náà dé adé bí ọba Yorùbá. Àwọn kan bínú nígbà náà pé ó ń kó òrìṣà wọ ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn mìíràn sì ní ó ń ba iṣẹ́ òrìṣà jẹ́ ni. Tiwa ni pé bí kò bá sí Ọ̀yẹ́, bóyá Lámídì ì bá ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ibi iṣẹ́ ọ̀hún kógbá sílé ní 1954. Àmọ́ Lámídì ń bá a lọ títí ó fi kú ní ọdún 2009. Òun ló gbẹ́ ère Odùduwà tó wà ní gbọ̀ngàn Odùduwà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀.

Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ti wà ní Ọ̀yẹ́ láti ọdún 2011. Mélòó nínú àwa tí à ń gun ọ̀kadà kọjá nílùú náà ló ti gbọ́ orúkọ Bándélé rí?

Ẹpa nìkan ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kò tíì lè kó tán. Wọ́n lè kó ère rẹ̀: ní 2022, Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ṣe àfihàn odindi kan lórí Bámigbóyè ti Odò-Ọwá, tí ère Ẹpa rẹ̀ kún fún jagunjagun àti abiyamọ bí ẹni pé odindi ìlú ló gbé lérí. Iyì ńlá ni. Ṣùgbọ́n inú gíláàsì ni ère wà, ó dúró jẹ́ẹ́. Ẹni tó bá rí Ẹpa lójú agbo mọ̀ pé orí èèyàn ni igi wíwúwo yẹn wà, àti pé ẹni tó gbé e gbọ́dọ̀ fò sórí òkìtì láìṣubú. Bó bá kọsẹ̀, gbogbo agbo á dákẹ́.

Ibi tí a máa mú àlejò náà lọ, lójú tiwa, nìyí. Kó kọ́kọ́ dúró de àsìkò Ẹpa. Lẹ́yìn náà, kó gba ìpínlẹ̀ Kwara lọ sí Èsìẹ́, níbi tí wọ́n dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1945. Ère òkúta tó lé ní 800 ló wà níbẹ̀, tọkùnrin tobìnrin, ọ̀pọ̀ jókòó lórí àpótí, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tó gbẹ́ wọn. Inú ìlú tí wọ́n ti rí wọn náà ni wọ́n ṣì wà. A ń gbèrò àtilọ síbẹ̀ ní ìsinmi tó ń bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ, kó tètè sọ, kí á lè mọ iye èèyàn tí bọ́ọ̀sì máa gbé.