Kókó Orí Àwùjẹ̀ àti Iṣẹ́ Abẹ Ọpọlọ ní Ìbàdàn

Ní ọdún 1962, Látúndé Odeku, ọmọ Awẹ́ tí ó kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní Ìbàdàn.

Ní ọdún 1971, òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Adélọlá Adélóyè, ṣàlàyé kókó kan tí a máa ń bí mọ́ ọmọ lórí àwùjẹ̀, ìyẹn ibi rírọ̀ níwájú orí ìkókó tí egungun kò tíì pàdé sí. Àpò olómi ni kókó yìí, ó wà láàrin awọ orí àti egungun, kò sì kan ọpọlọ, nítorí náà ó yàtọ̀ sí èyí tí ọpọlọ gan-an ti máa ń yọ jáde láti ihò agbárí. Oníṣẹ́ abẹ lè yọ ọ́ tán láì wọ inú agbárí. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé ọmọ Áfíríkà nìkan ló ń ní in, kí àwọn dókítà tó rí i lára àwọn ẹ̀yà mìíràn. Orúkọ Adélóyè àti Odeku ni wọ́n sì fi ń pè é.

Odeku kú ní London ní ọdún 1974. Ní ti kókó náà, kí òbí má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ gún un nílé. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé ọmọ lọ.