Ìkọ̀wéfiṣẹ́sílẹ̀

Ẹni tí ọ̀gá ń bú níwájú oníbàárà, tí wọ́n ń pè láago mọ́kànlá òru nítorí iṣẹ́ tó lè dúró dàárọ̀, lè fìbínú jáde lọ láìwẹ̀yìn. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí, àmọ́ sísá níbi iṣẹ́ nìyẹn. Ìkọ̀wéfiṣẹ́sílẹ̀ ní ìwé, ó ní déètì, ó sì ní àsìkò ìfitónilétí. Fún àwọn tí Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà kàn, oṣù 1 ni fún ẹni tó bá ti lo ọdún 5. Ọ̀sẹ̀ 2 fún ẹni tó ti pé ọdún 2. Ẹ ti máa wá iṣẹ́ mìíràn kí ẹ tó kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dà tiyín. Owó ìfẹ̀yìntì yín ńkọ́? Yóò bá yín lọ síbi iṣẹ́ tuntun.