Ata Nílẹ̀ Yorùbá: Àlejò Tó Di Onílé

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹ̀mí tí kò jata, ẹ̀mí yẹpẹrẹ ni. Ẹni tó gbọ́ òwe yìí lè rò pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ata rodo ti wà nínú ọbẹ̀ Yorùbá. Ìtàn kò gbe èrò yìí lẹ́sẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni gbogbo ata tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Capsicum ti ṣẹ̀ wá. Ó ti lé ní 6,000 ọdún tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń gbìn ín. Lẹ́yìn ìrìn-àjò Columbus ní ọdún 1492 ni àwọn oníṣòwò Potogí gbé e dé etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ataare àti iyèré, ọmọ bíbí ilẹ̀ yìí, ló ti ń ta lẹ́nu kí àlejò yìí tó dé.

Ọkọ̀ ojú omi ló gbé irúgbìn náà wá, ṣùgbọ́n ọwọ́ àgbẹ̀ ló sọ ọ́ di ti Yorùbá. Igi tó so dáadáa ni àgbẹ̀ máa ń sàmì sí. Á jẹ́ kí èso rẹ̀ pọ́n dénú, á sá a gbẹ, á sì tọ́jú hóró rẹ̀. Bí òjò bá dé, á fún un síbi kan, á sì tú u gbìn nígbà tó bá lágbára. Àṣàyàn ọdọọdún yìí ni kò jẹ́ kí rodo, ṣọ̀ǹbọ̀ àti ata wẹ́wẹ́ dàrú mọ́ra wọn. Ẹyẹ náà ṣèrànwọ́: kò mọ títa ata lára, ó ń jẹ ẹ́, ó sì ń gbin hóró rẹ̀ kiri.

Ogún yìí kò ṣeé kó pamọ́ sínú àdó lásán. Bí irúgbìn ata bá pẹ́ ju ọdún mélòó kan lọ nínú ooru ilé, kì í hù mọ́. Irúgbìn aládàpọ̀ tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń tà lóde òní ń so púpọ̀, àmọ́ hóró inú èso rẹ̀ kì í bí irú ìyá rẹ̀. Ọjà ni àgbẹ̀ yóò padà sí lọ́dọọdún. Lóòótọ́, NACGRAB, àjọ ìjọba tó wà ní Ìbàdàn, ń tọ́jú irúgbìn sínú òtútù. Ṣùgbọ́n òtútù kò lè tọ́jú ìmọ̀ ẹni tó mọ igi tó yẹ kí a sàmì sí. Ọdún tí àgbẹ̀ bá dẹ́kun àṣàyàn, ọdún náà ni onílé tún bẹ̀rẹ̀ sí í di àlejò.