Páànù Ìyá Mi

Orí ìka ìyá mi kún fún àpá. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé ọ̀bẹ ló ṣá wọn. Rárá o, páànù ni. Ní Ẹdẹ níbi tí mo dàgbà sí, kí ẹ̀rọ tó dé àdúgbò wa, páànù tí wọ́n fi ìṣó lu, tí wọ́n wá kàn mọ́ pákó, làwọn obìnrin fi ń rin ẹ̀gẹ́. Bí ẹ̀gẹ́ ti ń kéré sí i lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìka ń sún mọ́ páànù.

Nígbà tí mo bá gbọ́ lórí rédíò pé kí ọmọ Nàìjíríà tẹra mọ́ṣẹ́, àwọn ìyá wọ̀nyí ni mo máa ń rántí. Ìjọba tilẹ̀ dá National Productivity Centre sílẹ̀ ní 1987 nítorí ọ̀rọ̀ náà. Ó dára. Ṣùgbọ́n ta ló lè la ẹnu sọ fún ìyá mi pé wọn ò ṣiṣẹ́ tó? Irinṣẹ́ ni wọn ò ní.

Ilẹ̀ Dàhómì, tí à ń pè ní Benin lónìí, ni àwọn Faransé kọ́kọ́ mú ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́ dé, láàárín 1930 sí 1939. Nígbà tó fi máa di àárín 1940 sí 1949, àwọn wẹ́dà àti mẹkáníìkì ilẹ̀ wa ti ń fi àlòkù irin àti ara mọ́tò tó ti kú ṣe tiwọn. Ẹ wò ó dáadáa, páànù àná náà ni! Wọ́n kàn ká a mọ́ igi róbótó, wọ́n fi bẹ́líìtì so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì. Àwọn onímọ̀ ìjọba ní Oshodi, tí wọ́n dá ilé-iṣẹ́ ìwádìí wọn sílẹ̀ ní 1956, náà ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ gàrí, mi ò fojú di wọ́n. Àmọ́ èyí tó dé ẹ̀yìnkùlé wa, ọwọ́ wẹ́dà ló ti wá.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Felix Nweke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2002. Tọ́ọ̀nù gàrí kan tó ń gba ènìyàn ní ọjọ́ iṣẹ́ 51 tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ sọ ọ́ di 24. Nígbà tí IITA ní Ìbàdàn sì gbé ẹ̀gẹ́ tuntun tó ń ta dáadáa jáde ní 1977, níbi tí ẹ̀rọ wà ni àgbẹ̀ ti lè gbìn ín láìbẹ̀rù. Bí kò bá sí ẹ̀rọ, ta ni ì bá rin gbogbo ẹ̀?

Kò sí èrè tí kò ní tirẹ̀ nínú. Obìnrin ló ni páànù, ọkùnrin ló wá ni ẹ̀rọ, owó ló sì ń gbà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọjọ́ 24 yẹn kì í ṣe eré. Bíbó ẹ̀gẹ́ ṣì wà níbẹ̀, yíyan gàrí ṣì wà níbẹ̀, ọwọ́ náà ni wọ́n fi ń ṣe é.

Lọ́jọ́ tí ìyá mi kọ́kọ́ gbé ẹ̀gẹ́ lọ sídìí ẹ̀rọ, agbọ̀n tó máa ń gbà wọ́n ní odindi òwúrọ̀, kí n tó ra àkàrà dé, ó ti tán. Wọ́n wo ìka wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá tí wọ́n jókòó ti agbada, tí èéfín ń fọ́ wọn lójú, wọ́n pè mí.

“Lọ bá mi bi bàbá wẹ́dà, ṣé kò lè ṣe èyí tí ń yan gàrí?”

Mo sáré lọ. Bàbá rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní kí n kí ìyá mi.