Ifá Ọrọọrún Nínú Ilé Báǹkì

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dÍfá ọrọọrún. Ìdajì àkọ́kọ́ òwe yìí ló mọ́ wa lẹ́nu jù. Òun la fi ń tu ẹni tí nǹkan kò ṣẹnuure fún nínú. Ìdajì kejì ni iṣẹ́ wà. Babaláwo kì í ṣe òpè. Òun ni gbogbo àdúgbò ń gbé ọ̀ràn tọ̀ wá, síbẹ̀ kò gbà pé ohun tí òun mọ̀ lánàá á tó òun lò lọ́la. Kò sì dúró kí ọmọ ṣàìsàn tàbí kí ọjà kùtà kó tó gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ jù sílẹ̀. Bí ọjọ́ bá ti pé, á bèèrè, ara le o, ara ò le o. Ohun tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ wa kò ní nìyí nínú ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n gbà síṣẹ́. Ìgbà méjì péré ni wọ́n ń fara balẹ̀ wádìí ohun tí òṣìṣẹ́ mọ̀ ọ́n ṣe: ọjọ́ tó wá wáṣẹ́, àti ọjọ́ tó kọ̀wé pé òun ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi ilé báǹkì wò ó, nítorí pé ìṣojú gbogbo wa ni ayé ti yí níbẹ̀. Ọdún 1989 ni ẹ̀rọ ATM àkọ́kọ́ dé Nàìjíríà. Nígbà tí ọdún 2005 fi parí, àṣẹ pé kí báǹkì kọ̀ọ̀kan ní owó ìpìlẹ̀ bílíọ̀nù 25 náírà ti sọ báǹkì 89 di 25. Ní 2012, Báǹkì Àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò dídín owó bébà kù láti ìpínlẹ̀ Èkó; ní 2014, BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ oníbàárà báǹkì, dé; fóònù àti àwọn oní-POS sì gba èyí tó kù. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó já lù wá lóru. Èyí tó jẹ́ àṣẹ nínú wọn, wọ́n kéde rẹ̀, wọ́n dá ọjọ́ sí i, wọ́n tún sún ọjọ́ síwájú nígbà mìíràn.

Ẹ wá wo kaṣíà tó wà lẹ́yìn gíláàsì. Àwa tí à ń tò síwájú rẹ̀ rò pé owó kíkà niṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ báǹkì pàápàá rò bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni wọ́n fi kó iṣẹ́ náà fún àwọn òṣìṣẹ́ kọ́ńtíráàtì. Ṣùgbọ́n bó ti ń fi àtàǹpàkò ṣí owó ni ìka rẹ̀ ń mọ ayédèrú kí ẹ̀rọ tó ké. Ó mọ ìfọwọ́sí tí ẹnìkan jókòó wò kọ. Bí ìyá àgbà tó máa ń gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún bá fẹ́ kó gbogbo owó rẹ̀ lọ́jọ́ kan, tí fóònù kò sì kúrò létí rẹ̀, kaṣíà á fura pé gbájúẹ̀ ló wà lódìkejì. Nírọ̀lẹ́, bí ìṣirò kò bá dọ́gba, òun ló mọ ibi tí a ti máa wá àṣìṣe. Nígbà tí ẹ̀rọ gba owó kíkà, wọ́n ka gbogbo ìmọ̀ yìí mọ́ ọn, wọ́n dà á nù. Ní oṣù kẹfà ọdún 2016, dídá òṣìṣẹ́ báǹkì dúró pọ̀ débi pé mínísítà ètò iṣẹ́, Chris Ngige, pàṣẹ kí wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró. Nígbà tó di 2022, àwọn ọ̀gá báǹkì fúnra wọn ló ń ráhùn pé àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń fi àwọn sílẹ̀ lọ sókè òkun. Ọdún mẹ́fà péré ló wà láàárín kí a máa lé èèyàn àti kí a máa wá èèyàn, nínú iṣẹ́ báǹkì kan náà.

Ẹnìkan á ní, ṣé kaṣíà la fẹ́ sọ di ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ni? Àwọn díẹ̀ lè dà á, ọ̀pọ̀ ò lè dà á, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí a tan ara wa. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ orí ẹ̀rọ kò mọ sí ètò kíkọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí náírà ṣọ̀wọ́n bí ojú nítorí pípààrọ̀ owó, tí tolórí tẹlẹ́mù sáré sórí fóònù, owó há káàkiri: ó kúrò lápò ẹni tó fi ránṣẹ́, kò dé ọwọ́ ẹni tó ń retí rẹ̀. Ta ló lè tọ irú owó bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀, kó sì tún fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá oníbàárà tínú ń bí sọ̀rọ̀? Ẹni tó ti ń wá àṣìṣe ìṣirò nírọ̀lẹ́ ọjọ́ gbogbo ló sún mọ́ ọn jù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ṣíṣọ́ ọ̀nà tí gbájúẹ̀ ń gbà wọlé, àti bíbójútó àwọn oní-POS. Ẹ̀kọ́ tó kù fún un láti kọ́ kò pọ̀, bí wọ́n bá tètè bèèrè.

Àwọn ọ̀gá ní tiwọn á sọ pé bí àwọn bá kọ́ èèyàn tán, yóò lọ. Àwọn kan á lọ lóòótọ́. Àmọ́ ẹni tí owó gíga fà wọlé láti ìta, owó tó ga jù ú lọ ló máa fà á jáde. Ẹni tó rí àkàbà níwájú rẹ̀ nínú ilé ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè yàtọ̀. Ìnáwó pàápàá kì í ṣe àwáwí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Láti 1971 ni ìjọba ti dá àjọ ITF sílẹ̀ fún kíkọ́ òṣìṣẹ́. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tí ilé iṣẹ́ ń san lọ́dún ni òfin ní kó máa kó síbẹ̀, èyí tó bá sì fi ẹ̀rí hàn pé òun kọ́ àwọn èèyàn òun lè gbà tó ìdajì rẹ̀ padà. Bí ọ̀gá kọ́ wọn, bí kò kọ́ wọn, owó yẹn ń jáde.

Àtakò tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù ni pé òṣìṣẹ́ ló yẹ kó dÍfá ara rẹ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀ dé ibì kan, nítorí babaláwo inú òwe kò retí kí ẹlòmíràn wá bá òun dá a. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ kọ́ńtíráàtì kì í sí níbi tí wọ́n ti ń pinnu ẹ̀ka tí wọn yóò tì ní ọdún méjì sí i. Ọ̀gá ló mú ọ̀pẹ̀lẹ̀ yẹn lọ́wọ́. Bí wọ́n bá sì ní àwọn ti ń yẹ òṣìṣẹ́ wò lọ́dọọdún, ohun tí ìwé àyẹ̀wò náà sábà máa ń bèèrè ni iye akáùntì tó ṣí àti iye owó tó fà wọlé, bóyá ó kún táágẹ́ẹ̀tì tàbí kò kún un. Ohun tó mọ̀ tí kò sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún, àti iṣẹ́ tó ń fojú sọ́nà fún nígbà tí ẹ̀rọ bá gba ti òní, kò ní ojú ewé tirẹ̀.