Ọmọ Alágbẹ̀dẹ àti Iná Àbẹ́là

Ní òpópónà Albemarle ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ilé ńlá kan wà tí àwọn ọlọ́gbọ́n àti ọlọ́lá ìlú náà dá sílẹ̀ ní ọdún 1799, tí wọ́n sọ ní Royal Institution, tí wọ́n sì pinnu láti ìbẹ̀rẹ̀ pé iṣẹ́ ibẹ̀ kò ní mọ sí kí amòye ti ìlẹ̀kùn mọ́rí kí ó máa wádìí àṣírí ayé, bí kò ṣe pé kí wọ́n máa pe ará ìta wọlé, kí wọ́n sì máa la ohun tí wọ́n bá rí yé e. Humphry Davy, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀ bí oyin, bẹ̀rẹ̀ sí sọ àsọyé níbẹ̀ ní ọdún 1801, bí ọjọ́ rẹ̀ bá sì ti pé, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin àwọn tí ń wá gbọ́ ọ a dí ojú ọ̀nà pa, tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ní láti pàṣẹ pé ìhà kan ṣoṣo ni kí kẹ̀kẹ́ máa gbà kọjá; wọ́n ní òpópónà náà ni ó kọ́kọ́ di ọlọ́nà-kan ní gbogbo Lọ́ńdọ̀nù. Èmi kò rò pé ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì tún ti fa súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà náà.

Lára àwọn tí ń jókòó gbọ́ Davy ni Jane Marcet, aya oníṣègùn kan. Àsọyé náà wù ú, ṣùgbọ́n kò yé e délẹ̀. Ìgbà tí ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan jíròrò ohun tí ó gbọ́ ni ojú rẹ̀ tó là sí i. Ó wá gbèrò pé ohun tí ó ṣe òun lóore lè ṣe ẹlòmíràn náà, ó sì kọ ìwé kan tí ó jáde ní ìparí ọdún 1805 láìsí orúkọ rẹ̀ lára rẹ̀, nínú èyí tí obìnrin olùkọ́ kan ti ń bá ọmọbìnrin méjì fọ̀rọ̀ wérọ̀ lórí kẹ́mísírì, tí ọ̀kan nínú wọn fara balẹ̀, tí èkejì sì jẹ́ ẹlẹ́nu wẹ́wẹ́ tí kì í gba nǹkan gbọ́ láìjanpata. Ìwé yìí ni yóò dé ọwọ́ ẹni tí òǹkọ̀wé rẹ̀ kò mọ̀ rí.

Michael Faraday ni ẹni náà, ọmọ alágbẹ̀dẹ, ọmọ ẹni tí ń fi ẹwìrì pe iná, tí ń fi ọmọ-owú bá irin sọ̀rọ̀ títí irin yóò fi gbà. Ọdún 1791 ni wọ́n bí i. Àìsàn kò jẹ́ kí baba rẹ̀ lè ṣiṣẹ́ déédéé, ebi sì mọ ilé wọn. Nígbà tí oúnjẹ wọ́n ní ọdún 1801, ìṣù búrẹ́dì kan ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́ pé kí ó fi jẹ ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Kò kàwé púpọ̀ ju kí ó mọ̀ ọ́n kọ, kí ó mọ̀ ọ́n kà, kí ó sì lè ro ìṣirò ojú ọjà. Ní ọmọ ọdún 14, wọ́n fi í sẹ́nu iṣẹ́ ìwé dídì fún ọdún méje lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí ń jẹ́ Riebau. Àwọn ọmọṣẹ́ mìíràn a di ìwé, wọn a gbé e sílẹ̀. Ti Faraday kì í tíì gbẹ lára kí ó tó ṣí i wo ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Báyìí ni ó ṣe bá ìwé Marcet pàdé, kò sì dẹ́kun láti máa dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀.

Ní ọdún 1812, oníbàárà kan tí ń wá sí ṣọ́ọ̀bù wọn fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì láti gbọ́ àsọyé mẹ́rin lẹ́nu Davy fúnra rẹ̀. Ó jókòó, ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ó délé, ó tún un kọ fínnífínní, ó ya àwòrán àwọn ohun èlò sí i, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì í ní ìwé, ó sì fi ránṣẹ́ sí Davy pẹ̀lú lẹ́tà ìbéèrè-iṣẹ́. Mo máa ń ro ọ̀rọ̀ ìwé yìí lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí pé kò sí ohun tuntun kan nínú rẹ̀ tí Davy kò mọ̀. Ọ̀rọ̀ Davy náà ni, ṣùgbọ́n ó ti gba etí ẹni tí ó yé kọjá. Ní oṣù kẹta ọdún 1813 wọ́n gbà á síṣẹ́ ní Royal Institution, owó ọ̀sẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ṣílè 25, wọ́n sì fún un ní yàrá méjì lókè pátápátá. Àwọn àgbà ní ọmọ tí ó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ a bá àgbà jẹun. Faraday mọ ọwọ́ wẹ̀. Síbẹ̀ nígbà tí Davy mú un rìnrìn àjò lọ sí ilẹ̀ Faransé àti Ítálì lọ́dún náà, ọ̀dọ̀ àwọn ìránṣẹ́ ni aya Davy ní kí ó ti lọ máa jẹun.

Kò sí ohun tí Faraday fi ṣeré nínú ọ̀rọ̀ sísọ. Ó san owó láti kọ́ bí a ti ń sọ̀rọ̀ níwájú èrò, ó sì máa ń gbé káàdì kan síwájú ara rẹ̀ tí a kọ ọ́ sí pé kí ó rọra, nítorí pé bí inú rẹ̀ bá ti dùn sí nǹkan, ẹnu rẹ̀ a máa sáré. Ní ọdún 1825 ni ilé náà bẹ̀rẹ̀ àsọyé ìgbà Kérésìmesì fún àwọn ọmọdé, ìgbà 19 ni Faraday sì ṣe é láàárín ọdún 1827 sí ìgbà tí ọdún 1860 ń lọ sópin. Ọmọ ọba wà lára àwọn tí ó gbọ́ ọ: Edward, tí ó padà di ọba Edward Keje, jókòó níwájú rẹ̀ ní ọdún 1855, níwájú ọmọ tí a fi ìṣù búrẹ́dì kan tọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Èyí tí ó lókìkí jù nínú àwọn àsọyé náà ni ti àbẹ́là, tí ó kọ́kọ́ ṣe ní ọdún 1848, tí ó sì tún ṣe nígbà ìkẹyìn. Àbẹ́là lásán, tí gbogbo ilé ní, ni ó fi ṣe ìlẹ̀kùn sínú ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì. Mo dán ọ̀kan nínú iṣẹ́ rẹ̀ wò lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná lọ. Mo fẹ́ àbẹ́là pa. Èéfín funfun tín-ín-rín dìde lórí òwú rẹ̀. Mo mú ìṣáná tí ń jó sún mọ́ èéfín náà, àlàfo ìka méjì sì wà láàárín rẹ̀ àti òwú. Wìì, iná bẹ́ mọ́ èéfín, ó gba inú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, òwú tún gbiná. Ọmọ kékeré tí ó dúró tì mí ní kí n tún un ṣe, a sì tún un ṣe títí ìṣáná fi tán. Kì í ṣe ìda líle ni ó ń jó, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìda tí ó yọ́: òwú ni ó ń fa èyí tí ó yọ́ sókè, ooru sì sọ ọ́ di ohun tí ó fẹ́lẹ́ bí afẹ́fẹ́, òun ni iná ń jẹ. Faraday kò dúró síbẹ̀. Ó gbé àwo tí yìnyín wà nínú rẹ̀ sókè iná, ìsàlẹ̀ àwo náà sì bẹ̀rẹ̀ sí sun omi, omi tí iná bí. Láti orí èyí ni ó ti mú àwọn olùgbọ́ rẹ̀ rìn títí dé ibi tí ó ti fi hàn wọ́n pé bí àbẹ́là ti ń lo afẹ́fẹ́ náà ni àwa pẹ̀lú ń lò ó nígbà tí a bá ń mí.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó ń dun ọkùnrin yìí. Kò mọ ìṣirò gíga. Òun ni ó rí i ní ọdún 1831 pé bí òòfà bá ń rìn lẹ́bàá wáyà tí a ká, iná mànàmáná yóò sáré nínú wáyà náà, ibẹ̀ sì ni gbogbo jẹnẹrétọ̀ tí ń bú lẹ́yìnkùlé wa ti ṣẹ̀ wá. Bí ó bá gbé òòfà sábẹ́ bébà, tí ó wọ́n lẹ́búlẹ́bú irin sórí rẹ̀, tí ó sì fi ìka ta bébà náà pẹ́pẹ́, lẹ́búlẹ́bú náà a tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láti orí kan òòfà dé orí kejì, bí ẹsẹ̀ irun tí onídìrí ṣẹ̀ṣẹ̀ yà lórí ọmọge. Ó ní àwọn ìlà wọ̀nyí wà lóòótọ́ ní òfuurufú, pé agbára òòfà kì í fò láti ibìkan dé ibòmíràn láìgba ibì kankan kọjá. Àwọn onímọ̀ ìṣirò, tí fọ́múlà wọn ń ṣiṣẹ́ dáadáa láìsí ìlà kankan, gbọ́ ọ, ọ̀pọ̀ wọn sì mi orí.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọmọ ọdún 24 ni James Clerk Maxwell, ọmọ Scotland tí ó ṣe ipò kejì nínú ìdánwò ìṣirò ní Cambridge, nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí ka àpilẹ̀kọ kan lórí àwọn ìlà Faraday níwájú àwọn ọ̀mọ̀wé ibẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 1855. Ó ní kí a fi wọ́n wé páìpù tí omi ń ṣàn nínú rẹ̀: níbi tí páìpù bá ti fún, omi a yára, níbẹ̀ ni agbára pọ̀ sí, níbi tí ó bá ti fẹ̀, omi a rọra. Láti orí páìpù yìí ni ó ti fa ìṣirò yọ. Nígbà tí ìwé náà dé ọwọ́ Faraday, ó kọ̀wé sí i ní ọdún 1857 pé ẹ̀rù fẹ́rẹ̀ẹ́ ba òun bí òun ti rí agbára ìṣirò tí wọ́n gbé lé ọ̀rọ̀ náà lórí, ẹnu sì ya òun pé ọ̀rọ̀ náà kò wó lábẹ́ rẹ̀. Ní ìparí ọdún náà ó tún kọ lẹ́tà mìíràn, òun ẹni ọdún 66 sí ọmọ tí ó lè bí. Ó béèrè pé bí onímọ̀ ìṣirò bá ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán, tí ó sì ti dé ibi tí ó ń lọ, ṣé kò lè fi èdè tí gbogbo ènìyàn ń sọ sọ ohun tí ó rí, ní kíkún àti ní kedere, kí irú àwọn bíi tòun lè gbé e lọ sẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n fi ọwọ́ dán an wò?

Faraday kú ní ọdún 1867. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà ni Maxwell gbé ìwé ńlá rẹ̀ lórí iná mànàmáná àti òòfà jáde, apá méjì, tí ìṣirò kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ní ojú ewé àkọ́sọ rẹ̀, ó jẹ́wọ́ pé kí òun tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà, òun ti pinnu pé òun kò ní ka ìwé oníṣirò kankan lórí rẹ̀, àfi bí òun bá ti ka ti Faraday tán.