Agbára Tó Bá Ẹrù Mu: Ìtàn Àtúnṣe Ẹ́ńjìnì Ọkọ̀ Wúwo ní Ọ̀nà Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Àwọn baba wa ni wọ́n sọ pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Òwe náà ni n ó fi ṣe òpó tí ọ̀rọ̀ mi yóò rọ̀ mọ́. Bí àwọn òpìtàn bá ń kọ ìtàn mọ́tò ní ilẹ̀ wa, ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ àti oníṣòwò tí ó kó o wọlé ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ. Mẹkáníìkì tí ó mú ọkọ̀ kan náà rìn fún ogún ọdún lẹ́yìn náà, a kì í mẹ́nu kàn án. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìtàn, ó sì ní òfin tirẹ̀: agbára tí a ó fi kún ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ bá ẹrù àti ara ọkọ̀ mu.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí omi, nítorí pé ọ̀sà ni ọ̀nà àtijọ́ tí ó so Èkó, Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ pọ̀. Nígbà tí wọ́n lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè ní Èkó ní 1851, Ẹ̀pẹ́ ni ó wá fi ṣe ibùdó. Ibẹ̀ ni ó sì ti bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn ní 1854. Ní 1892, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbógun ti Ìjẹ̀bú, ojú omi ni ọmọ ogun wọn gbà dé Ẹ̀pẹ́ kí wọ́n tó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìmàgbọ̀n. Ọkọ̀ ojú omi ni ó ń kó ẹja, gààrí àti igi. Omi fúnra rẹ̀ ni ó ń gbé ìwúwo ẹrù. Iṣẹ́ atukọ̀ ni láti tì í síwájú. Nígbà tí ẹrù bọ́ sórí ilẹ̀, ọrùn ẹ́ńjìnì ni ó bọ́ sí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, W. A. Dawodu ti ń kó mọ́tò wọ Èkó, ó sì ń tún un ṣe. Ọmọ ilẹ̀ wa kò pẹ́ kí ó tó fi ọwọ́ kan ẹ́ńjìnì. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, lọ́rì Bedford di ojúlùmọ̀ ní ọ̀nà wa. Irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní TJ jáde ní 1958. Káfíńtà ilẹ̀ wa ni ó ń fi pákó kan ara rẹ̀, tí ó fi di bọ́lẹ̀kájà. Lẹ́yìn náà ni àwọn oníwẹ́dà fi irin kan ara mólúè lé orí ṣáàsì Mercedes-Benz 911. Nọ́ńbà yẹn ní ìtumọ̀: 9 dúró fún ìwúwo bí i tọ́ọ̀nù mẹ́sàn-án, 11 sì dúró fún agbára ẹṣin bí i 110. Àwọn tí ó ṣe ṣáàsì náà ti ṣírò ohun tí yóò gbé. Àwa ni a fi pákó, irin, èrò àti ẹrù kún un kọjá ìṣirò wọn.

Kí ni mẹkáníìkì lè ṣe sí irú ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀? Ó kéré ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. Sìlíńdà mẹ́fà ni ẹ́ńjìnì 911 ní. Ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mìlímítà 97, gbogbo rẹ̀ sì gba nǹkan bí i lítà 5.7. Bí sìlíńdà bá ti jẹ, wọn a gbẹ́ ẹ fẹ̀, wọn a sì fi písítìn tí ó tóbi díẹ̀ sí i. Bí wọ́n bá fi mìlímítà kan kún ìbú rẹ̀, ìdá méjì péré nínú ọgọ́rùn-ún ni àyè inú rẹ̀ fi pọ̀ sí i. Èrè tí ó pọ̀ jù níbẹ̀ ni agbára àtijọ́ tí ó ti ń jò lọ lẹ́bàá rìngì, tí ó sì padà wá. Bí a bá gbẹ́ ẹ jù, ara sìlíńdà yóò tín-ín-rín, ooru yóò sì bà á jẹ́.

Ọ̀nà kejì ni pípààrọ̀ ẹ́ńjìnì pẹtiróòlù sí ti dísẹ̀lì. Ẹ́ńjìnì pẹtiróòlù àtijọ́ a máa fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ di ìdá kan nínú méje tàbí mẹ́jọ. Ti dísẹ̀lì a máa fún afẹ́fẹ́ di ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí ooru rẹ̀ yóò fi tan epo láìsí pọ́lọ́ọ̀gì. Ó ń fa ẹrù dáadáa láì yára yípo. Ṣùgbọ́n ó wúwo, nítorí náà sípíríǹgì iwájú gbọ́dọ̀ le sí i. Bí a bá sì fi jíà ẹ̀yìn ti tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, ọkọ̀ yóò fa ẹrù, ṣùgbọ́n kò ní lè sáré tó bí ó ti ń sáré. Ẹni tí ó bá pààrọ̀ ọ̀kan gbọ́dọ̀ ro ti ìyókù.

Ìtàn ìlú ni ó sọ iṣẹ́ yìí di kòṣeémánìí. Ní 1975, Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ pọ̀ ní Kàdúná, Volkswagen náà sì bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ó wá dà bí ẹni pé ọkọ̀ tuntun kò ní wọ́n mọ́. Ṣùgbọ́n ní 1982 ìjọba fi òfin dín ohun tí à ń kó wọlé kù, ní 1986 sì ni náírà já wálẹ̀. Ẹni tí ó ní lọ́rì kò lè ra òmíràn. Àtúnṣe àti ẹ́ńjìnì tòkunbọ̀ ni ó kù fún un.

Òfin kan náà ni ó ń darí ẹni tí ó ń tọ́jú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àtijọ́ lónìí. Ẹ wo Mercedes-Benz 200 tí ó jáde ní 1976: ọkọ̀ tí ó ju tọ́ọ̀nù kan lọ dáadáa, tí agbára ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin 94. Ẹ́ńjìnì 230 ti ìgbà náà jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀, ó sì ní agbára ẹṣin 109. Ẹni tí ó bá fi èyí rọ́pò ti tẹ́lẹ̀ ti fi díẹ̀ kún un, ara ọkọ̀ kò sì ní kọ̀ ọ́. Ẹni tí ó bá wá agbára ìlọ́po méjì ti dá gbèsè sí ọrùn jíà, rádíétọ̀ àti búréèkì.

Búréèkì ni ó yẹ kí ó bà wá lẹ́rù jù. Ọkọ̀ tí ó ń sáré kìlómítà 80 ní wákàtí kan ń béèrè iṣẹ́ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì lọ́wọ́ búréèkì ju èyí tí ó ń sáré 60 lọ, bí ẹrù wọn tilẹ̀ dọ́gba. Bí ẹ́ńjìnì bá gbóná lọ́nà Ìtòìkín, ẹja tí a kó láti Ẹ̀pẹ́ lè bàjẹ́. Bí búréèkì bá kọ̀, ènìyàn ni yóò kú. Nítorí náà, mẹkáníìkì tí ó sọ fún ọlọ́kọ̀ pé, “Ó tó bẹ́ẹ̀, ọ̀gá mi,” kì í ṣe aláìmọ̀ṣẹ́. Òun gan-an ni ó mọ̀ ọ́n.

Ọkọ̀ BRT bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó ní 2008, ó sì dé Ìkòròdú ní 2015. Bọ́lẹ̀kájà ti lọ, mólúè náà sì ti dín kù gidigidi. Àwọn tí ó mọ bí a ṣe mú wọn rìn ń darúgbó. Etí àti ọwọ́ ni ọ̀gá fi kọ́ ọmọ iṣẹ́. Kò sí ìwé. Mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ tọ̀ wọ́n lọ ní Ìkòròdú àti ní Ẹ̀pẹ́. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi kún ẹ́ńjìnì, kí ẹ sì béèrè ohun tí wọ́n kọ̀ láti fi kún un àti ìdí rẹ̀. Nínú ìdáhùn kejì yẹn ni ọgbọ́n wọn wà.